Ẹ̀yìn ni mo ti ń ka ìdájọ́: bí mẹ̀kúnnù ṣe lè ka ẹjọ́ ilé ẹjọ́ ọ̀daràn àgbáyé

Ọdún 19 ni mo fi ṣe akọ̀wé kóòtù. Iṣẹ́ mi ò ju kí n jókòó sísàlẹ̀ adájọ́, kí n kọ ohun tí ẹlẹ́rìí bá sọ, kí n so ìwé pọ̀, kí n fi nọ́ńbà sí i. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, ọwọ́ mi ò lè ṣófo. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé ẹjọ́ Ilé Ẹjọ́ Ọ̀daràn Àgbáyé tó wà nílùú Hague, mo sì kó èèyàn bíi mélòó kan jọ tí a jọ ń kà á lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀: tíṣà méjì, nọ́ọ̀sì kan, télọ̀ kan, akẹ́kọ̀ọ́ òfin kan, àti màmá kan tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà.

Ẹjọ́ Germain Katanga, ọ̀gá ẹgbẹ́ ológun kan ní Kóńgò, ni mo kọ́kọ́ gbé síwájú wọn. Ìwé náà nípọn bíi búlọ́ọ̀kù. Ojú ewé kìíní ni mo ti bẹ̀rẹ̀, bí wọ́n ṣe kọ́ mi: ìtàn ẹjọ́, ìtumọ̀ òfin, àríyànjiyàn àwọn lọ́yà, ohun tí ẹlẹ́rìí yìí sọ, ohun tí tọ̀hún sọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà la fi wà lórí ẹ̀. Lọ́sẹ̀ keje, mo ka ibi tí wọ́n ti ní ó jẹ̀bi. Ìyá Àgbà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ní, "Akọ̀wé, àwọn ará abúlé yẹn ńkọ́? Kí ni wọ́n rí gbà?"

Mi ò mọ̀. Èmi tí mo fi ìwé ẹjọ́ jẹun fún ọdún 19, mi ò mọ̀. Kò tiẹ̀ wá sí mi lọ́kàn láti wò ó, torí níbi tí mo ti ṣiṣẹ́, bí adájọ́ bá ti ka iye ọdún ẹ̀wọ̀n tán, fáìlì ti wọ kọ́bọ́ọ̀dù nìyẹn. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo lọ wá a. Ohun tí mo rí ló yí ọ̀nà tí mo gbà ń kàwé ẹjọ́ padà, ọ̀nà yẹn náà ni mo fẹ́ fi hàn yín.

Ẹ kọ́kọ́ kó ìwé jọ

Ẹjọ́ kan ní Hague kì í ṣe ìwé kan. Tó bá rìn dé òpin, ó kéré tán, ìwé mẹ́fà lẹ máa bá pàdé: ìwé àṣẹ ìmúni, ìpinnu tó fìdí ẹ̀sùn múlẹ̀, ìdájọ́ tó sọ bóyá ó jẹ̀bi, ìwé tó ka iye ọdún ẹ̀wọ̀n, ìdájọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, àti ìwé àṣẹ ìṣàtúnṣe fún àwọn tó fara gbá. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n lórí ìkànnì ilé ẹjọ́ náà, èdè Gẹ̀ẹ́sì tàbí Faransé ni wọ́n fi kọ wọ́n.

Ẹ má jẹ́ kí nọ́ńbà orí ìwé dẹ́rù bà yín. Nọ́ńbà ẹjọ́ Katanga ni ICC-01/04-01/07; ICC ni ìkékúrú orúkọ ilé ẹjọ́ náà ní Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ kà á bí ẹni ń ka àdírẹ́sì ilé. 01/04 ni ọ̀ràn ilẹ̀ Kóńgò, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣí ní ọdún 2004. 01/07 ni ẹjọ́ kìíní tó jáde nínú ọ̀ràn yẹn ní ọdún 2007. Ti Thomas Lubanga, ọ̀gá ẹgbẹ́ ológun mìíràn, ni ICC-01/04-01/06: ilẹ̀ kan náà, ẹjọ́ ọdún tó ṣáájú. Ohun tó bá tẹ̀ lé e ni nọ́ńbà ìwé fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá rí "Red" nídìí rẹ̀, wọ́n ti fi dúdú bo ibì kan nínú rẹ̀. "tENG" ni pé wọ́n túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì. "Anx" ni àsomọ́ ẹ̀yìn ìwé, ẹ má fò ó, ibẹ̀ ni wọ́n máa ń tọ́jú nǹkan pàtàkì sí.

Dúdú tí wọ́n fi bo orúkọ, ẹ jẹ́ kó dúdú síbẹ̀. Lẹ́tà àti nọ́ńbà ni wọ́n fi ń pe àwọn ẹlẹ́rìí, P fún ẹlẹ́rìí olùpẹjọ́, D fún ti olùjẹ́jọ́. Ọ̀kan nínú wa fi alẹ́ odindi kan wá orí íntánẹ́ẹ̀tì kó lè mọ ẹni tí ẹlẹ́rìí kan jẹ́, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀ ọ́n. Mo ní kó pa gbogbo ohun tó kọ rẹ́. Ẹlẹ́rìí yẹn ṣì ń gbé láàárín àwọn ará àdúgbò ẹni tó ta kò.

Ohun kékeré kan tó máa dín wàhálà yín kù: ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní nọ́ńbà. Nọ́ńbà ìpínrọ̀ ni kẹ́ ẹ máa kọ sílẹ̀, kì í ṣe ojú ewé. Ojú ewé Gẹ̀ẹ́sì àti ti Faransé kì í bá ara wọn dọ́gba.

Ẹ ṣí ìwé tó kẹ́yìn

Ẹ mú bébà kan, ẹ fi ìlà pín in sí òpó mẹ́ta. Ẹ kọ "Ta ni wọ́n kà?" sórí èkíní, "Kí ni wọ́n fún un?" sórí èkejì, "Ta ló san án?" sórí ẹ̀kẹta. Ẹ wá ṣí ìwé àṣẹ ìṣàtúnṣe.

Ti Katanga jáde ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹta ọdún 2017. Ìkọlù tí wọ́n tìtorí ẹ̀ dá a lẹ́jọ́ ṣẹlẹ̀ ní abúlé Bogoro, lágbègbè Ituri, ní ọjọ́ 24 oṣù Kejì ọdún 2003. Ọmọ tí wọ́n gbé sá lọ́jọ́ náà ti lé ní ọdún 14 kí ìwé yìí tó jáde.

Òpó kìíní: ẹni 341 ló kọ̀wé wá, àwọn adájọ́ gba 297. Òpó kejì: dọ́là Amẹ́ríkà 250 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní àmì lásán ni, kì í ṣe iye ohun tó sọnù, wọ́n wá fi ìrànwọ́ àjùmọ̀ní kún un, ti ilé gbígbé, ti okòwò, ti ilé ìwé ọmọ, àti ti ìtọ́jú ọkàn. Àwọn adájọ́ yìí jókòó, wọ́n ṣírò ohun gbogbo tó bàjẹ́, ilé tí wọ́n jó, màlúù àti ewúrẹ́ tí wọ́n kó, ìbànújẹ́ ẹni tí òbí rẹ̀ kú. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ dọ́là 3,752,620. Mílíọ̀nù 1 ni wọ́n gbé lé Katanga lórí nínú rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì wa bi mí pé níbo ni ìyókù wà. Ìwé náà ò gbé e lé ẹnikẹ́ni lórí. Ẹjọ́ Katanga ni, apá tirẹ̀ nínú ọ̀ràn náà nìkan ni wọ́n lè bù fún un.

Òpó kẹta ló ń pa mí lẹ́rìn-ín ìkorò. Katanga ò ní kọ́bọ̀. Àpò Owó fún Àwọn Tó Fara Gbá, tí abala 79 ìwé òfin Rome, òfin tó gbé ilé ẹjọ́ náà kalẹ̀, dá sílẹ̀, ló gbé ẹrù náà. Owó inú àpò yẹn, àwọn ìjọba tó bá wù ló ń dá a sí i. Kò sí ẹni tó lè fi tipátipá gbà á lọ́wọ́ wọn. Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ lórí rédíò pé "ilé ẹjọ́ ní kí ọ̀daràn san mílíọ̀nù báyìí báyìí," ẹ rántí òpó kẹta.

Ẹ ṣe bákan náà fún àwọn ẹjọ́ yòókù, kò ní gbà yín lákòókò tó bẹ́ẹ̀. Lubanga: dọ́là mílíọ̀nù 10, oṣù Kejìlá ọdún 2017. Ahmad Al Mahdi, tó darí bí wọ́n ṣe wó ibojì àwọn ẹni mímọ́ ní Timbuktu lọ́dún 2012: yúrò mílíọ̀nù 2.7, pẹ̀lú yúrò 1 péré fún ìjọba Màlì àti yúrò 1 fún gbogbo ayé nípasẹ̀ UNESCO. Ẹ má fi yúrò 1 yẹn ṣe yẹ̀yẹ́, èmi náà kọ́kọ́ ṣe é. Dominic Ongwen, ọ̀gá ọlọ́tẹ̀ kan láti Ùgáńdà: yúrò 52,429,000, oṣù Kejì ọdún 2024, fún àwọn tí wọ́n fojú bù sí 49,772, yúrò 750 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a jà lé lórí fún wákàtí méjì nínú ẹgbẹ́ wa. Báwo la ṣe máa pe ohun tí wọ́n ń fún wọn yìí? Akẹ́kọ̀ọ́ òfin ní "owó ìtanràn." Rárá o, ìtanràn ni ohun tí ọ̀daràn ń san fún ìjọba. Tíṣà kan ní "ẹ̀san," àmọ́ ẹ̀san máa ń dún bí ìgbẹ̀san létí wa. Télọ̀ ní "gbà-má-bìínú." Ìyá Àgbà ní, "Ó dáa, àmọ́ kí ẹni tó bá fẹ́ bínú ṣì bínú." Ibẹ̀ la dúró sí: bí owó bá kéré sí ohun tó sọnù, gbà-má-bìínú la ń pè é, bí ó bá jẹ́ ilé ni wọ́n kọ́ padà, tàbí ilé ìwòsàn, a ń pè é ní àtúnṣe. Ẹ̀yin náà lè rí èyí tó sàn jù. Ṣùgbọ́n ẹ yan ọ̀rọ̀ kan kẹ́ ẹ tó sọ ọ́ fáwọn èèyàn yín, torí bí orúkọ tí a pe nǹkan bá ṣe rí ni wọ́n á ṣe retí rẹ̀.

Ẹ wá padà sídìí ìwé ẹ̀sùn

Ẹ tún wo òpó kìíní. Ta ni wọn ò kà? Bí ẹ bá béèrè ìyẹn, ẹsẹ̀ yín á gbé yín lọ sí ìwé ẹ̀sùn fúnra rẹ̀, ibẹ̀ sì ni gbogbo ọ̀ràn yìí so mọ́. Ẹni tí ìyà rẹ̀ ò bá sí nínú ẹ̀sùn, kò lè sí nínú ìdájọ́. Ẹni tí kò bá sí nínú ìdájọ́, kò lè sí nínú àtúnṣe. Ìgbà tí olùpẹjọ́ bá jókòó sí ọ́fíìsì rẹ̀ tó ń yan ohun tí yóò kọ, ìgbà yẹn gan-an ló ti ń pín àtúnṣe, bó mọ̀ tàbí kò mọ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi Lubanga ṣe é. Ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2012 ni wọ́n dá a lẹ́bi, ìdájọ́ àkọ́kọ́ tí ilé ẹjọ́ yẹn máa dá. Ẹ̀wọ̀n ọdún 14 ni. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án ò kọjá ọ̀ràn ọmọdé: pé ó kó àwọn tí kò tíì pé ọdún 15 wọṣẹ́ ogun, ó sì lò wọ́n lójú ìjà. Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ ronú síwájú sí i. Àwọn ọmọ yẹn, tí wọ́n gbé ìbọn lé lọ́wọ́, abúlé àwọn kan ni wọ́n kọ lù. Nínú ẹjọ́ Lubanga, ọmọ tó yìnbọn ni ẹni tó fara gbá. Ìyá tí wọ́n yìnbọn sí ilé rẹ̀ kò sí lórí bébà. Ẹ̀yà kan gbọ́ pé wọ́n fẹ́ ṣàtúnṣe fáwọn ọmọ tiwọn, ẹ̀yà kejì ń wò wọ́n láti òdìkejì ọ̀nà. Àwọn baba wa ní a kì í ti kóòtù dé ká ṣọ̀rẹ́. Níbí, àwọn tí kò tiẹ̀ dé kóòtù rárá ló tún ní ìbínú tuntun. Ẹjọ́ Bosco Ntaganda, ọ̀gá kan nínú àwọn ọmọ ogun Lubanga, ló ṣẹ̀ṣẹ̀ kó apá méjèèjì pọ̀, nígbà tí wọ́n dá a lẹ́bi ẹ̀sùn 18 ní oṣù Keje ọdún 2019, tí àṣẹ ìṣàtúnṣe dọ́là mílíọ̀nù 30 sì tẹ̀ lé e ní oṣù Kẹta ọdún 2021.

Àwọn ọmọbìnrin tún wà nínú àwọn ọmọ ogun Lubanga. Àwọn ẹlẹ́rìí sọ ohun tí wọ́n fi ojú wọn rí nípa ìfipábánilòpọ̀. Olùpẹjọ́ kò kọ ọ́ sínú ẹ̀sùn. Adájọ́ Elizabeth Odio Benito kọ èrò tirẹ̀ lọ́tọ̀, ó ní kò yẹ kí wọ́n fo ìyà àwọn ọmọbìnrin náà bẹ́ẹ̀. Ẹ ka èrò yẹn. Kò gùn, kò sì le. Nínú ẹgbẹ́ wa, nọ́ọ̀sì ló kà á sókè, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ fúngbà díẹ̀.

Ẹ wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹjọ́ Jean-Paul Akayesu, tó jẹ́ olórí ìjọba ìbílẹ̀ Taba ní Ruwáńdà, níwájú ilé ẹjọ́ tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé kalẹ̀ fún ọ̀ràn Ruwáńdà. Ẹ̀sùn àkọ́kọ́ tí wọ́n fi kàn án kò ní ìfipábánilòpọ̀ nínú. Obìnrin kan wá jẹ́rìí sí ohun mìíràn, ó wá mẹ́nu kan ohun tí wọ́n ṣe fún ọmọbìnrin rẹ̀. Adájọ́ Navanethem Pillay, obìnrin kan ṣoṣo láàárín àwọn adájọ́ mẹ́ta tó jókòó, kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kọjá, ó bi í léèrè síwájú sí i. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1997, wọ́n tún ìwé ẹ̀sùn kọ. Nígbà tó di ọjọ́ 2 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1998, Akayesu di ẹni àkọ́kọ́ tí ilé ẹjọ́ àgbáyé kan dá lẹ́bi ìpẹ̀yàrun lẹ́yìn ìgbẹ́jọ́, wọ́n sì sọ fún ìgbà àkọ́kọ́ pé ìfipábánilòpọ̀ lè jẹ́ ọ̀nà ìpẹ̀yàrun. Ìbéèrè ẹnì kan. Síbẹ̀, ilé ẹjọ́ yẹn kò ní àṣẹ láti bu owó gbà-má-bìínú fáwọn obìnrin náà, nítorí náà òpó kejì wọn ṣófo.

Bí ẹ ṣe máa ṣe é nìyí: ẹ mú bébà kejì. Lápá òsì, ẹ kọ gbogbo ìyà tí àwọn ẹlẹ́rìí bá mẹ́nu kàn, bó ti wù kó kéré. Lápá ọ̀tún, ẹ kọ àwọn ẹ̀sùn. Ẹ fa ìlà láti òsì sí ọ̀tún. Àwọn tí kò bá ní ìlà ni kẹ́ ẹ wò. Nínú ẹjọ́ Katanga, ìfipábánilòpọ̀ wà ní òsì, ó wà ní ọ̀tún pẹ̀lú, ṣùgbọ́n àwọn adájọ́ ní ẹ̀rí kò so ó mọ́ ọn lọ́rùn, wọ́n dá a sílẹ̀ lórí ìyẹn. Àwọn obìnrin Bogoro kò rí àtúnṣe gbà lórí ọ̀rọ̀ yẹn. Ìlà yẹn, a fi bíírò pupa fà á.

Ní ti ìtumọ̀ àwọn ìwà ọ̀daràn fúnra wọn, ẹ má pẹ́ níbẹ̀. Mẹ́rin ni wọ́n: ìpẹ̀yàrun, ìwà ọ̀daràn sí ọmọ ènìyàn, ọ̀ràn ogun, àti gbígbógun ti ilẹ̀ ẹlòmíràn. Ohun tó máa ń ṣi èèyàn lọ́nà jù ni ìpẹ̀yàrun. Kì í ṣe iye òkú ló ń sọ ọ́ di ìpẹ̀yàrun, èrò ni: pé ẹni náà fẹ́ pa ẹ̀yà tàbí ẹlẹ́sìn kan run pátápátá tàbí lápá kan, torí pé wọ́n jẹ́ ẹni tí wọ́n jẹ́. Òkú lè pọ̀ rẹpẹtẹ kó má jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìwà ọ̀daràn sí ọmọ ènìyàn ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lára ìkọlù sí àwọn aráàlú tó gbòòrò tàbí tó létò. Abala 7 ló wà, ó sì ní ìyanisọ́tọ̀ nítorí ẹ̀yà nínú, èyí tí a mọ̀ sí àpátáìdì, ó ní lílé èèyàn kúrò lórí ilẹ̀ wọn pẹ̀lú.

Télọ̀ wa bi mí nígbà kan pé ṣé ebi náà wà níbẹ̀. Ebi wà, àmọ́ nígbà tí ẹnì kan bá mọ̀ọ́mọ̀ fi ṣe ohun ìjà. Títí di ọdún 2019, ogun láàárín orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè nìkan ni òfin Rome ti dárúkọ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀ràn ogun. Ọdún yẹn ni wọ́n fọwọ́ sí i pé kí ó kan ogun abẹ́lé náà, fún àwọn orílẹ̀-èdè tó bá gba àtúnṣe náà wọlé. Ebi tó ń pa èèyàn nítorí pé àwọn alágbára pín ọrọ̀ níkà, ìyẹn ò sí níbẹ̀. Mo ń sọ èyí kí ẹ má baà gbé ẹrù tí kò lè rù lé ilé ẹjọ́ yẹn lórí.

Ta ló wà lórí àga, ta ló wà lẹ́yìn rẹ̀?

Abala 27 ní ipò kò dáàbò bo ẹnikẹ́ni, ààrẹ ni o, mínísítà ni o. Abala 28 ní ọ̀gá lè dáhùn fún ohun tí àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀ ṣe. Ó dára. Ṣùgbọ́n ẹ ya àkàbà kan: ẹni tó yìnbọn ní ìsàlẹ̀, ẹni tó pàṣẹ lókè rẹ̀, ẹni tó ra ìbọn, ẹni tó ra ohun tí wọ́n fi ìbọn kó. Ẹ fi àmì sí ibi tí olùjẹ́jọ́ dúró sí, kí ẹ wo iye àtẹ̀gùn tó ṣófo lókè rẹ̀.

Ẹni tó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀. Ilé ẹjọ́ àgbáyé kò fi bẹ́ẹ̀ tíì mọ òwe yìí lò, ìgbà díẹ̀ ló ti gbìyànjú. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, wọ́n gbé àwọn oníléeṣẹ́ ńlá Jámánì lọ síwájú adájọ́ ní Nuremberg. Alfried Krupp gba ẹ̀wọ̀n ọdún 12 ní ọdún 1948, wọ́n sì ní kí wọ́n gba dúkìá rẹ̀, nítorí iṣẹ́ ẹrú àti ìkógun. Ní ọdún 1951 ó ti jáde, wọ́n sì ti dá dúkìá rẹ̀ padà fún un. Ní tiwa níbí ní Áfíríkà, Charles Taylor gba ẹ̀wọ̀n ọdún 50 ní ọdún 2012 níwájú ilé ẹjọ́ pàtàkì fún Sierra Leone, nítorí bó ṣe ran àwọn ọlọ́tẹ̀ lọ́wọ́ pẹ̀lú ohun ìjà, tí dáyámọ́ǹdì sì ń gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ bọ̀. Ààrẹ Làìbéríà ni nígbà kan rí. Àwọn tó ra dáyámọ́ǹdì náà, ẹ wá àtẹ̀gùn wọn.

Ọ̀rọ̀ Ongwen ló ta kókó jù lórí àkàbà yìí. Ọmọ nǹkan bí ọdún 9 ni nígbà táwọn ọlọ́tẹ̀ jí i gbé lọ́nà ilé ìwé ní Ùgáńdà. Ó dàgbà sínú ẹgbẹ́ náà, ó di ọ̀gá, ó wá ń ṣe ohun tí wọ́n ṣe fún un fún àwọn ọmọ mìíràn. Wọ́n dá a lẹ́bi ẹ̀sùn 61 ní oṣù Kejì ọdún 2021. Ẹ̀wọ̀n ọdún 25 ni wọ́n fún un, wọ́n sì sọ pé ìjígbé rẹ̀ wà lára ohun tó jẹ́ kí wọ́n dín in kù. Ẹgbẹ́ wa pín sí méjì gedegbe. Mi ò ní sọ ibi tí mo wà. Ẹ ka ìwé ìjìyà yẹn, kẹ́ ẹ jà tiyín.

Ẹ má fo èrò adájọ́ tí kò fara mọ́ ọn

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Bí ẹ bá ti ń kà á nítorí àwọn tó fara gbá, ó rọrùn kẹ́ ẹ kórìíra lọ́yà olùjẹ́jọ́. Èmi náà ṣe é. Ohun tó wò mí sàn ni èrò adájọ́ Christine Van den Wyngaert nínú ẹjọ́ Katanga. Ó ní àwọn adájọ́ méjì yòókù yí irú ẹ̀bi tí wọ́n fi kàn án padà lẹ́yìn tí ìgbẹ́jọ́ ti parí, kò sì rí ààyè gbèjà ara rẹ̀ bó ṣe yẹ. Ẹ kà á kẹ́ ẹ tó pàtẹ́wọ́ fún ìdájọ́ kankan.

Ìdí mìíràn tún wà. Jean-Pierre Bemba, igbákejì ààrẹ Kóńgò nígbà kan rí, gba ẹ̀wọ̀n ọdún 18 ní ọdún 2016, nítorí ohun tí àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ṣe ní orílẹ̀-èdè Àárín Gbùngbùn Áfíríkà. Àwọn tó fara gbá tí wọ́n kópa nínú ẹjọ́ náà jẹ́ 5,229. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹfà ọdún 2018, adájọ́ mẹ́ta borí méjì ní ìjókòó kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, wọ́n dá a sílẹ̀. Lọ́jọ́ kan náà, ọ̀nà àtúnṣe látọ̀dọ̀ rẹ̀ dí pa fún ẹni 5,229 yẹn. Kò sẹ́ni tó sọ pé irọ́ ni wọ́n pa. Ìyà jẹ wọ́n, ilé ẹjọ́ sì gbà pé ó jẹ wọ́n, àmọ́ kò sí ọrùn tí wọ́n lè gbé e kọ́. Àpò Owó ní òun máa fi ìrànwọ́ lásán dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ẹjọ́ tí ẹ ò lè kà, torí wọn ò kọ ọ́

Èyí yá. Ilé ẹjọ́ náà lè wọ inú ọ̀ràn bí ó bá ṣẹlẹ̀ lórí ilẹ̀ tó ti fọwọ́ sí ìwé òfin Rome, tàbí bí ọmọ irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ bá ṣe é, tàbí bí ìjọba kan bá fúnra rẹ̀ gbà á láyè, tàbí bí Ìgbìmọ̀ Ààbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé bá gbé e fún un. Abala 17 sì ní kó má dá sí i bí ilé ẹjọ́ orílẹ̀-èdè náà bá ń ṣe é tọkàntọkàn. Amẹ́ríkà, Rọ́ṣíà àti Ṣáínà kò sí nínú ìwé òfin náà, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì lè fi ẹnu kan dí ọ̀nà Ìgbìmọ̀ Ààbò. Ní ọjọ́ 22 oṣù Karùn-ún ọdún 2014, ìlú 13 nínú 15 dìbò pé kí wọ́n gbé ọ̀ràn Síríà lọ sí Hague. Rọ́ṣíà àti Ṣáínà ní rárá, ó parí síbẹ̀. Bí ẹnì kan bá ń pariwo pé àwọn ọmọ Áfíríkà nìkan ni wọ́n ń dá lẹ́jọ́, ẹ sọ fún un pé ní ti Ùgáńdà, Kóńgò, Àárín Gbùngbùn Áfíríkà àti Màlì, ìjọba ibẹ̀ ló fúnra rẹ̀ gbé ọ̀ràn lọ. Ẹ wá tún sọ ti Síríà fún un. Òótọ́ ni méjèèjì.

Òpó kẹrin

Ọdún kan lẹ́yìn tí a bẹ̀rẹ̀, Ìyá Àgbà ní bébà wa kò pé. Ó gba rúlà lọ́wọ́ mi, ó fa ìlà kan sí i, ó kọ "Ọjọ́ wo ló dé?" sórí rẹ̀.

Ẹjọ́ Hissène Habré, ààrẹ ilẹ̀ Chad nígbà kan rí, ló kọ́ wa pàtàkì òpó yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe Hague ni wọ́n ti dá a, ilé ẹjọ́ pàtàkì tí Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà àti ìjọba Sẹ̀nẹ̀gà jọ gbé kalẹ̀ ní Dakar ni. Àwọn tó fara gbá ló fi ọwọ́ ara wọn kọ́ ẹjọ́ yẹn. Souleymane Guengueng, tí wọ́n tì mọ́lé lábẹ́ Habré, jáde, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ̀rọ̀ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹni 792, ó fi wọ́n pamọ́ sílé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Akọ̀wé bíi tèmi, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń san owó oṣù fún un, tí wọ́n bá sì rí ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, òun ló máa kú. Wọ́n dá Habré lẹ́bi ní ọjọ́ 30 oṣù Karùn-ún ọdún 2016. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2017, ìjókòó kò-tẹ́-mi-lọ́rùn bu owó tó lé ní bílíọ̀nù 82 fáránkì CFA fún ẹni 7,396. Habré kú ní oṣù Kẹjọ ọdún 2021. Oṣù Kejì ọdún 2024 ni ìjọba Chad ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í san díẹ̀.

Nítorí náà, ẹ kọ ọjọ́ tí wọ́n pàṣẹ, ẹ kọ ọjọ́ tí owó tàbí ilé ìwòsàn dé gan-an, ẹ yọ èkíní kúrò nínú èkejì. Ìròyìn ọdọọdún Àpò Owó yẹn lẹ ti máa rí i. Pẹ́ńsù ni kẹ́ ẹ fi kọ òpó kẹrin, ẹ má lo bíírò, torí ẹ máa padà wá pa á rẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà. Lórí bébà Ongwen tiwa, oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni mo ń pa ohun tí mo kọ síbẹ̀ rẹ́. Bébà náà ti ń fẹ́ já níbẹ̀.